Bí a ṣe wá ìdí ìdádúró kọ̀ǹpútà inú sáfà láàárín Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀

Ilé ìfowópamọ́ àti ìyánilówó kan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Olú-ilé rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, ó sì ní ẹ̀ka ní Pobè, Kétu àti Ṣábẹ̀. Òṣìṣẹ́ 38 ni ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó wà lórí tábìlì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ṣe ju pé kí ó gba ohun tí wọ́n tẹ̀, kí ó sì fi àwòrán hàn. Sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù, ní olú-ilé ni ó ru gbogbo iṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti dá kọ̀ǹpútà 38 sílẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Windows 10 tirẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wọlé sí i láti ibi tí wọ́n bá wà nípasẹ̀ RDP, ìlànà Microsoft tí ń gbé títẹ̀ bọ́tìnì lọ tí ó sì ń gbé àwòrán ojú iṣẹ́ bọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ dára: àkọsílẹ̀ owó àwọn oníbàárà kò fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀, bí olè bá sì jí àpótí kan gbé ní ẹ̀ka, kò sí àṣírí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ̀sùn tó délẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀. Ní olú-ilé, láti nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án, òṣìṣẹ́ a tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, a sì jókòó títí yóò fi rò pé sáfà ti kú. Ní Kétu, òwúrọ̀ burú, ọ̀sán kò sàn, ọjọ́ mìíràn sì wà tí iṣẹ́ ń dúró pátápátá tí àwọn oníbàárà á fi tò dé ìta. Àwọn tó ta sáfà náà ti mú ìwé ìdíyelé wá: kí wọ́n fi mẹ́mórì 128 gígábáìtì kún 128 tó wà nílẹ̀. Àwọn alákòóso ti fẹ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ní kí àwa méjì kan, èmi àti ẹnìkejì mi tó mọ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kọ́kọ́ yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn kò rí mẹ́mórì, kò rí dísìkì. Ohun tí ó rí ni àkókò tó wà láàárín ìgbà tí ìka rẹ̀ kan bọ́tìnì àti ìgbà tí lẹ́tà náà yọ lójú rẹ̀. Apá méjì ni àkókò náà ní: ìrìn-àjò lórí okùn, ní lílọ àti ní bíbọ̀, àti ìgbà tí kọ̀ǹpútà inú sáfà fi dáhùn. Bí àpapọ̀ méjèèjì kò bá kọjá 100 mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ojú ènìyàn a gbà pé lọ́gán ni ó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 200, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ojú, àṣìṣe á sì pọ̀. Nítorí náà ni mo fi gbà pé kò yẹ kí a ra ohunkóhun fún irú ètò báyìí kí a tó wọn apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ń jókòó sí, ní wákàtí tí ó ń ráhùn.

Windows ní òǹkà kan fún apá ti sáfà, User Input Delay, tí ó ti wà láti ẹ̀dà 1809 ti Windows 10 àti láti Windows Server 2019. Ó ń sọ iye àkókò tí títẹ̀ bọ́tìnì fi wà lórí ìlà kí ètò tí a tẹ̀ ẹ́ fún tó gbà á. Fún apá ti ọ̀nà, ping lásán, ètò tí ń wọn àkókò tí ẹrù kékeré kan fi lọ tí ó sì fi bọ̀, tó, bí a bá jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí a sì ń kọ àkókò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fi méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ títí òpin oṣù fi kọjá, nítorí òpin oṣù ni iṣẹ́ ilé owó máa ń le jù.

Ohun tí ó jáde hàn gbangba. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, òǹkà ti sáfà ga fún gbogbo ènìyàn, ìbáà jẹ́ ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ tí okùn rẹ̀ kò gba mílísẹ́kọ́ńdì kan, ìbáà jẹ́ ẹni tó wà ní Pobè. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ó rọlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, Kétu pẹ̀lú. Síbẹ̀ Kétu ṣì ń ráhùn, ping sì sọ ìdí rẹ̀: láti Pobè sí olú-ilé, lílọ àti bíbọ̀ gba nǹkan bí 20 mílísẹ́kọ́ńdì, láti Kétu, ó gba bí 190. Àìsàn méjì ni wọ́n fún ní orúkọ kan ṣoṣo, mẹ́mórì kò sì wo èyíkéyìí nínú wọn sàn.

Òwúrọ̀ ní olú-ilé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá mẹ́mórì àti ọpọlọ sáfà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà inú sáfà kọ̀ọ̀kan ní gígábáìtì 3. 38 lọ́nà 3 jẹ́ 114, èyí sì wọ inú 128 pẹ̀lú àyè díẹ̀ fún ètò tó ń ṣàkóso sáfà fúnra rẹ̀. A kò rí àmì kankan pé sáfà ń kó nǹkan kúrò nínú mẹ́mórì lọ sórí dísìkì. Ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ kọ́ọ̀ 16, ìyẹn apá tí ń ṣe ìṣirò, wọ́n sì fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní méjì, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 76, ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ń pín kọ́ọ̀ kan lò ní ìwọ̀n tí kò tó márùn-ún sí ọ̀kan. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò pọ̀jù fún iṣẹ́ ìwé àti ìṣirò. Ohun kan ṣoṣo tí a tún ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n fi sáfà sí ipò ìṣọ́ná-lò, tí ń dín ìyára kọ́ọ̀ kù nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, tí kì í sì í tètè gbé e sókè padà. A yí i sí ipò agbára kíkún. Bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ tí àpapọ̀ wọn fi ju 40 lọ lọ́jọ́ iwájú, ìgbà yẹn ni mẹ́mórì yóò di ọ̀ranyàn, a sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí a fún wọn.

Dísìkì ni àìsàn náà wà. Mẹ́fà ni wọ́n, irú èyí tí ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí a so pọ̀ ní RAID 5, ìlànà tí ń mú kí dísìkì púpọ̀ ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan, kí ohun tó wà níbẹ̀ má baà sọnù bí ẹyọ kan bá bàjẹ́. Irú dísìkì bẹ́ẹ̀ lè kà tàbí kọ ní nǹkan bí ìgbà 140 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mẹ́fà yóò fún wa ní 840. Lórí ìwé, 840 dára. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà inú sáfà kì í ka nǹkan bí ó ṣe ń kọ ọ́: nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ déédéé, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ dísìkì ni kíkọ. RAID 5 sì rèé, ìkọ kan ṣoṣo ń ná an ní iṣẹ́ mẹ́rin, nítorí ó gbọ́dọ̀ ka ohun àtijọ́ àti àmì ìdánilójú rẹ̀, kí ó tó kọ tuntun àti àmì tuntun. Bí a bá wá ṣírò rẹ̀, ìdá kan kíkà lọ́nà 1, àti ìdá mẹ́rin kíkọ lọ́nà 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún, àpapọ̀ iye owó iṣẹ́ kan á jẹ́ 3.4. 840 tí a pín sí 3.4 kò ju 247 lọ. Iye tí àwọn tó ń ṣètò irú èyí sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìwé ni 10 fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. 38 lọ́nà 10 jẹ́ 380. Sáfà náà ti ń jẹ gbèsè kí òwúrọ̀ tó mọ́.

Òwúrọ̀ sì ni ìgbà tí ohun tí wọ́n ń béèrè ń di ìlọ́po. Nígbà tí Windows bá ń jí, tàbí tí òṣìṣẹ́ bá ń wọlé, ohun tí ó ń kà láti orí dísìkì pọ̀ ju ti ìgbà iṣẹ́ lọ lọ́nà púpọ̀. Ní ilé yìí, ọlọ́dẹ a máa pa gbogbo kọ̀ǹpútà inú sáfà ní ìrọ̀lẹ́ láti fi dín owó iná kù, a sì tún gbogbo wọn tàn pọ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Bí wọ́n bá ti jí, ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì inú ọ̀kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàyẹ̀wò gbogbo fáìlì ní àkókò kan náà, nítorí aago kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Ó dà bí ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá jáde lọ fa omi ní ìdí kànga kan ṣoṣo pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lọ́ra nínú wọn, kànga ni kò tó. Pípa iná kò sì mú èrè wá, nítorí sáfà fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóru bákan náà, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pa.

Bí a bá yí dísìkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn sí RAID 10, níbi tí ìkọ kan ń ná iṣẹ́ méjì péré, àṣirò á yí padà sí 1.8, a ó sì rí nǹkan bí 467. Ìyẹn tó fún ọ̀sán, kò tó fún òwúrọ̀. Nítorí náà a gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fi owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún mẹ́mórì ra SSD mẹ́rin, irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kí a sì so wọ́n ní RAID 10. SSD kan ṣoṣo ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkà àti ìkọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀rọ̀ iye sì parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ irú rẹ̀ ni kò parí. SSD ilé, èyí tí wọ́n ń tà fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò yẹ fún ibi tí kíkọ ti pọ̀ tó báyìí: yóò tètè gbó, bí iná bá sì lọ lójijì, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì kọ sílẹ̀ lè ṣòfò. Èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà ní agbára díẹ̀ tí ó pamọ́ sínú ara rẹ̀ láti fi parí ìkọ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Lórílẹ̀-èdè tí a wà yìí, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni yọ èyí kúrò nítorí àtidín owó kù.

Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ àkókò. A ní kí ọlọ́dẹ má ṣe pa nǹkankan mọ́. A ṣètò pé bí sáfà bá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iná lọ, kí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ máa jí ní mẹ́rin-mẹ́rin pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì di ti òru, a sì pín in kí gbogbo wọn má baà bọ́ sí wákàtí kan. A tún rí i pé àwọn kan ti kó àwòrán ìwé ìdánimọ̀ oníbàárà jọ sí ojú iṣẹ́ wọn, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bá wọn wọlé láràárọ̀. A kó wọn lọ sí àpótí àjọlò. Wíwọlé tí ń gba ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ kò tó ìṣẹ́jú kan mọ́, òǹkà User Input Delay ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sì bá ti ọ̀sán dọ́gba.

Ọ̀nà Kétu

Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu, ọkọ̀ kì í lo ọjọ́ kan. Báwo ni ìrìn-àjò iná nínú okùn ṣe wá ń gba 190 mílísẹ́kọ́ńdì? Iná inú okùn fáíbà ń rìn ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì kò lè ná an ju mílísẹ́kọ́ńdì kan tàbí méjì lọ, kí a tó fi ti àwọn ẹ̀rọ ojú ọ̀nà kún un. Àwọn ará olú-ilé fi èsì ìdánwò ìyára hàn wá: 20 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni Kétu ń rí gbà. Òtítọ́ ni, kò sì jẹ́ ìdáhùn. Fífẹ̀ ọ̀nà ń sọ iye ẹrù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó.

Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun SAT-3, ACE, WACS àti MainOne bà jẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ Benin pẹ̀lú. Nínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ilé ìfowópamọ́ náà, Pobè bá iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ yẹn, Kétu kò lè ṣe é. Ìlú méjèèjì wà nínú orílẹ̀-èdè kan pẹ̀lú sáfà náà. Bí okùn abẹ́ òkun bá lè dá ọ̀kan nínú wọn dúró, a jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ń gba abẹ́ òkun kọjá.

A fi traceroute, ètò tí ń fi gbogbo ibi tí ẹrù gbà kọjá hàn, tọpa rẹ̀ láti Kétu, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ilé-iṣẹ́ tó ń fún Kétu ní íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí èyí tó ń fún olú-ilé àti Pobè. Ohun tí òṣìṣẹ́ bá tẹ̀ ní Kétu á sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, á gba abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù, ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì ti pàdé, á sì tún gba abẹ́ òkun padà wá sí Àjàṣẹ́. Ìdáhùn á tún gba ọ̀nà kan náà padà. Ọ̀nà yẹn, ní lílọ àti ní bíbọ̀, ju 20,000 kìlómítà lọ, èyí tí ó ju 100 mílísẹ́kọ́ńdì lọ fún ìrìn iná nìkan. Kò sí mẹ́mórì, kò sí dísìkì, kò sì sí ìtọ́sọ́nà Windows tó lè dín in kù. Ibi ìpàrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Kutọnu, BENIN-IX, tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ abẹ́lé lè máa gba abẹ́lé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì bá jọ kéde níbẹ̀ nìkan ni yóò gba ibẹ̀, oníbàárà kékeré kò sì lè pa á láṣẹ fún wọn.

Ohun tí oníbàárà lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí òpin méjèèjì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà. Olú-ilé gba okùn kejì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń fún Kétu, a fi VPN WireGuard, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí a ti dì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, so ráútà Kétu mọ́ ọn, ping sì bọ́ sílẹ̀ sí nǹkan bí 22 mílísẹ́kọ́ńdì. VPN náà tún gbà wá lọ́wọ́ ohun mìíràn tí a bá pàdé: ẹnu ọ̀nà 3389 ti RDP ṣí sílẹ̀ gbayawu sí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí Kétu àti Ṣábẹ̀. Lẹ́yìn àbùkù inú RDP tí wọ́n ń pè ní BlueKeep, tí Microsoft kéde ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n ṣe àtúnṣe fún Windows XP tí wọ́n ti pa tì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pàápàá jù lọ níbi tí owó ènìyàn wà. A tì í.

Síbẹ̀ ìyá tó jẹ́ olórí ẹ̀ka Kétu kò gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí ó sọ fún wa rèé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀ ń wọn ọjọ́ Ajé, ẹ̀ ń wọn ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ wá wọ̀n ọ́n.” Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Ìròyìn tí olú-ilé ń tẹ̀ jáde ń to nǹkan ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún kì í bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà, ó ń rìn kiri láàárín wọn, nítorí náà ìròyìn ọ̀sẹ̀ ti pín ìnira rẹ̀ káàkiri títí tí kò fi hàn mọ́. Nígbà tí a to àwọn òǹkà kan náà sí ọjọ́ ọjà, ó yọ jáde bí ẹni pé a tan iná sí i: lọ́jọ́ ọjà, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ping láti Kétu ń gòkè láti 22 lọ sí 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, a tún padà sọ̀kalẹ̀ nígbà tí àwọn oníbàárà bá tú ká.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn tó wá ṣí ìwé ìfowópamọ́ tuntun máa ń pọ̀, wọ́n á ya àwòrán ìwé ìdánimọ̀ wọn, àwòrán náà á sì gòkè lọ sí olú-ilé. Ní àkókò kan náà, ìwé tí sáfà bá ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kétu tẹ̀ ń bọ̀ wá lórí RDP gẹ́gẹ́ bí àwòrán ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú iṣẹ́. Ráútà a tò gbogbo rẹ̀ sí ìlà kan gígùn, bọ́tìnì kékeré tí akọ̀wé tẹ̀ á sì wà lẹ́yìn àwòrán mẹ́gábáìtì púpọ̀. Kò sí ohun tó sọnù, gbogbo rẹ̀ ń dúró ni. A fi CAKE sí orí ráútà, ètò tí ń pín ìlà fún olúkúlùkù kí ẹrù kékeré má baà dúró de ńlá, a sì fi òdiwọ̀n rẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 agbára tí okùn ní gan-an, nítorí bí a bá fi í sí 100, inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni ìlà náà yóò lọ gùn sí, níbi tí ọwọ́ wa kò dé. A yí ìtẹ̀wé ìwé ìfowópamọ́ sí ọ̀rọ̀ lásán dípò àwòrán. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ping kò kọjá 45.

Ohun kékeré kan tún wà tí àwọn akọ̀wé fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Bọ́tìnì AZERTY, ìtò bọ́tìnì ti Faransé, ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà inú sáfà ń gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn tí ìsopọ̀ bá já, tí A á fi di Q nínú orúkọ oníbàárà. A ti í mọ́ ìtò Faransé níhà ti sáfà, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ṣábẹ̀

Òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà ní Ṣábẹ̀, 4G nìkan sì ni wọ́n ní. Ìdádúró rẹ̀ kò dúró lójú kan, ó ń lọ láti 60 sí 150, ẹrù a sì máa sọnù lójú ọ̀nà. Nígbà tí a gbé VPN kalẹ̀ níbẹ̀, ojú iṣẹ́ a ṣí, a sì di dúdú. Àpò tí WireGuard ń lò, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ báìtì 1420 bí a kò bá fọwọ́ kàn án, ti tóbi ju ohun tí ọ̀nà 4G yẹn gbà lọ. A dín in kù sí 1360, ó sì tán. A rí i dájú pé RDP ń rìn lórí UDP, tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà Windows 8 àti Server 2012, nítorí TCP, ìlànà ìfiránṣẹ́ kejì, a máa dá gbogbo nǹkan dúró de ẹyọ kan tó sọnù, nígbà tí ó jẹ́ pé lórí UDP àwòrán tuntun lè rọ́pò ti àtijọ́ láìdúró. A yọ àwòrán ẹ̀yìn ojú iṣẹ́ kúrò, a sì dín àwọ̀ kù.

Iṣẹ́ ṣeé ṣe níbẹ̀ báyìí, kò tíì dùn. Fún àwọn mẹ́rin yẹn, a dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa kọ fọ́ọ̀mù oníbàárà tuntun sínú fáìlì lórí àpótí tiwọn, tí a ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà dì, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, dípò kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí 4G. Àwọn alákòóso ti gbà á. Wọ́n tún ti gbà láti ra sáfà kejì tí yóò wà ní Àjàṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, nítorí lọ́wọ́lọ́wọ́, bí sáfà yẹn bá bàjẹ́, ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti olú-ilé ni yóò dúró lọ́jọ́ kan náà.